Agbẹnusọ Lórí Ògiri Yìnyín

Mo fi irin búra, òótọ́ pọ́ńbélé ni ìtàn yìí. Kí yìnyín gbá mi létí bí mo bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kún un. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí yìnyín ìlú wa kì í bá ènìyàn ṣeré: mo fi díẹ̀ kún un. Díẹ̀ péré ni, bí iyọ̀ inú ọbẹ̀. Bí mi ò bá fi ẹnu ara mi sọ ibi tó wà, ẹ ó kàn jẹ ẹ́ mọ́ ọbẹ̀ ni.

Ìlú wa ń jẹ́ Ìkọ̀gòsì Tuntun. Àwọn baba ńlá wa tó wọ ọkọ̀ ojú sánmà láti Èkìtì wá sí ayé yìí ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé nígbà tí wọ́n balẹ̀, omi gbígbóná kan ṣoṣo ni wọ́n bá nínú ayé tó dì gbagidi láti òkè délẹ̀. Etí omi náà ni wọ́n tẹ ìlú dó sí. Ṣùgbọ́n àfonífojì tí omi náà wà jìn, oòrùn kì í tàn dé ibẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbé dígí ńlá kan sórí Ògiri, ìyẹn òkè yìnyín tó dúró ṣánṣán lẹ́yìn ìlú bí ẹni ń bínú. Dígí Ọ̀sán là ń pè é. Òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn lókè, tó ń dà á sórí oko iṣu wa nísàlẹ̀. Bí oòrùn bá ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni dígí náà ń yí ọrùn tẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ kan, ọrùn rẹ̀ há.

Yìnyín tó tóbi tó ilé já lù ú lẹ́sẹ̀, ni dígí bá kọjú sí òfurufú, ó ń fi ìmọ́lẹ̀ wa ta àwọn ìràwọ̀ lọ́rẹ. Òkùnkùn bo oko. Ewé iṣu bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Bí iṣu yẹn bá kú, kò sí ọjà tí a ó ti ra òmíràn. Ọmọ tí a bá bí lónìí yóò ti hu irùngbọ̀n kí ọkọ̀ tó ti ayé mìíràn dé ọ̀dọ̀ wa. Ọkọ̀ òfurufú tiwa náà kò sì lè dé orí Ògiri, torí ìjì ibẹ̀ ń gbá ọkọ̀ mọ́ yìnyín bí ẹni pa eṣinṣin. Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ gùn ún.

Àwọn tó ń gùn ún là ń pè ní agunyìnyín. Bàtà eléèékánná ní ẹsẹ̀, irin ìkọ́ ní ọwọ́ méjèèjì, igbà ní ìbàdí, irú igbà tí àwọn baba ńlá wọn fi ń gun ọ̀pẹ nílé. Méjì-méjì ni wọ́n ń so ara wọn mọ́ okùn kan. Ohun tó máa ń ya àlejò lẹ́nu ni pé láti ìsàlẹ̀ dé òkè, èébú ni wọ́n ń bú ara wọn. Kì í ṣe ìjà o. Òtútù Ògiri kì í fi agbára pa ènìyàn, oorun ló fi ń pa á. Á rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún bí ìyá ọmọ, á tẹ́ ẹ sílẹ̀. Àwàdà ló sì máa ń kọ́kọ́ kú lára ẹni tó ń tutù. Yóò ṣì máa sọ pé ara òun le, ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣì máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí o bá bú u, kò ní rí èsì gidi kan fún ọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe òfin kan: bí o bá bú ẹnì kejì rẹ lẹ́ẹ̀mẹta tí kò bú ọ padà, ohun yòówù kó wà lọ́wọ́ rẹ, jù ú sílẹ̀, lọ bá a, fún un ní omi gbóná, gbé e lọ sílé. Àwọn tó kú kí òfin yẹn tó dé ṣì wà nínú Ògiri. Ojú wọn ń hàn nínú yìnyín bí ẹja inú odò. Àwọn tó bá ń gùn kọjá máa ń kí wọn, wọ́n a sì bú wọn díẹ̀, kó má baà dà bíi pé wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀.

Nínú gbogbo agunyìnyín, Ìbídùn ló mọ̀ ọ́n gùn jù. Ẹni tí wọ́n jọ ń so okùn ni Fámúyìwá, àbúrò ọkọ rẹ̀. Nílé, ìyàwó ni Ìbídùn, kò gbọdọ̀ pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Agúntáṣọọ́lò ló ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Fámúyìwá kúrú débi pé gbogbo ṣòkòtò rẹ̀ ló ń gbálẹ̀. Á kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀. Ṣùgbọ́n bí okùn bá ti so wọ́n pọ̀ báyìí, ọ̀wọ̀ parí nìyẹn.

Nígbà tí ọrùn dígí há, àwọn méjèèjì gòkè, wọ́n padà. Wọ́n tún gòkè, wọ́n tún padà. Afẹ́fẹ́ inú àgbá tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn ń tán kí wọ́n tó dé òkè, torí pé èébú ń jẹ afẹ́fẹ́ bí ọmọ ṣe ń jẹ àkàrà. Ìgbà náà ni Dókítà Tèmíladé gbé ẹ̀rọ rẹ̀ jáde.

Agbẹnusọ ló pè é. Kò tóbi ju ẹ̀pà lọ, inú akoto agunyìnyín ló ń gbé. Ó ti gbọ́ gbogbo èébú tí ẹni tó ni ín ti bú rí, ó ti mọ ohùn rẹ̀, ó mọ bó ṣe ń mí kó tó rẹ́rìn-ín. Agbẹnusọ á bá ọ bú ẹnì kejì rẹ, á sì bá ọ fèsì bí ó bá bú ọ, ìwọ á pa ẹnu rẹ dé, wàá máa gùn lọ. Bí ìwọ fúnra rẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀, òun á dákẹ́, á sì gbé ohùn rẹ lọ.

Wọ́n pe ìpàdé sí ilé àwọn agunyìnyín. Bàbá Ògúndáre, olórí wọn, tí òtútù ti gba ìka mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀, yẹ ẹ̀rọ náà wò títí.

"Tèmíladé, ọmọ mi," ó ní, "bí nǹkan yìí bá ń bá mi bú ènìyàn, báwo ni ẹnì kejì mi yóò ṣe mọ̀ pé mo ti ń sùn lọ?"

"Ẹ̀rọ náà ń gbọ́ ọkàn yín, Bàbá. Bí ọkàn bá dúró, òun náà á dákẹ́."

"Bí ọkàn bá dúró! Kí la tún fẹ́ ṣe nígbà yẹn? Ká wá kí i kú àbọ̀?"

Àwọn agunyìnyín bú sẹ́rìn-ín. Dókítà ò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ wo oko. Ẹ sọ ọ̀nà mìíràn fún mi, màá gbé ẹ̀rọ mi padà sílé báyìí báyìí. Ebi ò mọ òfin."

"Òfin tiwa ò ti inú ìwé wá. Àwọn tó fi ẹ̀mí wọn ṣe é ṣì wà nínú Ògiri. Lọ bi wọ́n bóyá ebi ń pa wọ́n."

Fámúyìwá ló dìde. "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀rọ tó lè bú ìyàwó wa bí mo ṣe ń bú u, wọn ò tíì bí i. Ẹ jẹ́ ká dán an wò."

Ó dé akoto, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu rẹ̀ kí gbogbo ayé rí i. Ohùn rẹ̀ jáde láti inú akoto: "Ìbídùn, ìwọ elétí bí ewé kókò! Bí atẹ́gùn bá lè fẹ́ díẹ̀ sí i, wàá fò délé kí n tó já okùn."

Ariwo sọ. Àwọn kan ń fọwọ́ lu ilẹ̀. Ìbídùn kúnlẹ̀ síwájú àbúrò ọkọ rẹ̀, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. "Agúntáṣọọ́lò, ẹ má bínú o, nǹkan yìí gbọ́n jù yín lọ."

Ẹnu Bàbá Ògúndáre pàápàá fà díẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ló ba àríyànjiyàn jẹ́.

"Màá gùn ún," Ìbídùn ní nígbà tó dìde. "Mi ò ní jókòó kí iṣu kú lójú mi."

Wọ́n gbéra lọ́jọ́ kejì. Lóòótọ́, ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́. Wọ́n gùn kọjá ibi tí wọ́n ti ń padà tẹ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ ṣì pọ̀ lẹ́yìn wọn. Ìbídùn ló wà níwájú, tó ń kan irin mọ́ yìnyín, Fámúyìwá ń bọ̀ lẹ́yìn.

"Obìnrin yìí, ṣé ò ń gun yìnyín ni àbí ò ń fọ aṣọ sí i lára?"

"Dákẹ́ níbẹ̀, kúkúrú bí àbẹ́là tó kù díẹ̀ kó kú!"

Nígbà mìíràn ẹnu ara wọn ni wọ́n fi ń sọ ọ́, nígbà mìíràn ẹ̀rọ ni. Létí, ọ̀kan náà ni.

Wọ́n dé ibi pẹrẹsẹ kékeré kan lábẹ́ dígí. Láti ibẹ̀, yìnyín yọ ikùn síta bí aboyún. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè gùn ún kọjá, ẹnì kejì á jókòó di okùn mú. Fámúyìwá jókòó. Ìbídùn gòkè, kò rí i mọ́.

Iṣẹ́ tó bá lókè ju ohun tó rò lọ. Yìnyín ti gbá ẹsẹ̀ dígí mọ́ra bí ọ̀dà. Ó gbé irin sókè, ó gbá a. Ó tún gbá a. Apá rẹ̀ ń ro ó, òógùn ń dì lójú rẹ̀. Ó fi èébú sílẹ̀ fún Agbẹnusọ tirẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń bú Fámúyìwá, ó ń gbọ́ ohùn Fámúyìwá tó ń fèsì, títí tí kò fi tẹ́tí sí i mọ́, bí ẹni tó ń gbé lẹ́bàá odò ṣe kì í gbọ́ ariwo odò mọ́.

Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ó dúró. Kò mọ ohun tó mú un dúró. Ó ya ẹnu fúnra rẹ̀, ó sì pè é bó ṣe ń pè é nílé.

"Agúntáṣọọ́lò. Iṣẹ́ yìí á pẹ́ o. Ṣé kí n sọ̀kalẹ̀ wá bá yín ná?"

Èsì pẹ́ díẹ̀ kó tó dé.

"Kí o sọ̀kalẹ̀ wá ṣe kí ni? Ọ̀lẹ, bí ìgbín tó gbàgbé ìkarahun sílé! Gbá yìnyín yẹn, jàre!"

Ìbídùn rẹ́rìn-ín. Ó gbá yìnyín náà. Ó gbá a títí tó fi sán bí ààrá, tó ya kúrò lẹ́sẹ̀ dígí, tó sì re ìsàlẹ̀. Dígí Ọ̀sán mì tìtì, ó yí ọrùn díẹ̀díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì tú dà sínú àfonífojì. Láti ibi tó wà, ó rí oko tó ń yọ jáde nínú òkùnkùn, ó rí àwọn ènìyàn bí èèrà tí wọ́n ń sáré jáde síta.

"A ti ṣe é! Ṣé o rí i, aràrá?"

"Ojú mi ò fọ́. Sọ̀kalẹ̀, kó o tó fẹ́ dígí yẹn lọ́kọ."

Ó sọ̀kalẹ̀. Fámúyìwá jókòó síbi tó fi í sí. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì di okùn mú. Yìnyín ti so mọ́ ìpéǹpéjú rẹ̀, ètè rẹ̀ sì pa dé típẹ́típẹ́. Ohùn rẹ̀ sì ń sọ ní etí Ìbídùn pé, "Wo bó ṣe ń rìn. Pẹ́pẹ́yẹ wọ bàtà."

Ó gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Ó rọ omi gbóná gba ọ̀pá ẹnu akoto rẹ̀, omi náà ṣàn padà. Ó gbé ọwọ́ lé àyà rẹ̀: ọkàn ṣì ń lù, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ní òdìkejì ìlú. Ìbídùn kò sunkún. Ó fi igbà pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí ọmọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Gbogbo bó ṣe ń lọ, Agbẹnusọ ń bú u: etí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀, ọbẹ̀ rẹ̀. Òun náà ń fi ẹnu ara rẹ̀ fèsì gbogbo rẹ̀, kò jẹ́ kí ọ̀kan bọ́ sílẹ̀, bóyá Fámúyìwá ń gbọ́.

Ní ìdajì ọ̀nà, ohùn náà ní, "Ìbídùn, ìwọ tí imú rẹ dà bí..."

Ó dákẹ́.

Ìbídùn dúró, ó ń retí ìyókù. Ó bú u. Kò dáhùn. Ó tún bú u. Ó bú u lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ló gbé e wálé.

A sin Fámúyìwá sí etí omi gbígbóná, kó má baà tutù mọ́. Iṣu ń hu. Dókítà Tèmíladé kó gbogbo Agbẹnusọ wá, ó dà wọ́n sẹ́sẹ̀ Bàbá Ògúndáre. Bàbá ò bá a wí. Ìbídùn nìkan ló sọ̀rọ̀: "Nígbà tí mo ní ṣé kí n sọ̀kalẹ̀, ta ló dá mi lóhùn?" Dókítà tú ẹ̀rọ náà wò, ó wá kúnlẹ̀ tì í, ó ní, "Fámúyìwá ni. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kó o parí iṣẹ́." Ìbídùn mí kanlẹ̀, ó sì jẹun fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti dé.

Ibẹ̀ ni irọ́ mi wà. Kò sí ibòmíràn.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an rèé. Dókítà tú ẹ̀rọ náà wò lójú gbogbo wa. "Ẹ̀rọ náà ò mọ̀," ó ní. "Mo kọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ìyàtọ̀. Òun náà ò mọ̀ ọ́n."

Ìgbà yẹn gan-an ni ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀: yìnyín tuntun ti ń bọ́ sórí dígí. Ìbídùn dìde, ó mú irin ìkọ́ rẹ̀ lára ògiri. Èyí ò le tó ti tẹ́lẹ̀. Dígí ṣì ń yí ọrùn, nítorí náà àyè wà láti kó àgbá afẹ́fẹ́ sójú ọ̀nà díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn bú ara wọn.

"Ta ló máa bá mi so okùn?"

Dókítà nìkan ló bọ́ síwájú, ẹni tí kò gun nǹkan kan rí ju àtẹ̀gùn ilé lọ.

"Èmi ni," ó ní.

Ìbídùn wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó ju òpin okùn kan sí i lọ́wọ́.

"Ṣé o mọ èébú bú?"