Ilé Onígíláàsì Tí Màmá Àgbà Ń Lọ

Màmá àgbà ò fojú kan ìwé tí mò ń kà rí, síbẹ̀ wọ́n bi mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé, "Ta ló gbé àga dúdú yẹn kọ ẹ̀yìn sí ibi ìyáná?"

Mo wo ìwé ọwọ́ mi. Àwòrán ilé onígíláàsì kan ló wà níbẹ̀. Àga dúdú náà wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ó kọ ẹ̀yìn sí ibi ìyáná.

Ọdún kẹfà nìyẹn tí Màmá àgbà ti wà lórí ibùsùn, tí ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn mọ́. Tí mo bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, èmi ni mo máa ń jókòó tì wọ́n, kí ìyá mi lè lọ síbi iṣẹ́ ìfọṣọ. Ibẹ̀ ni mo ti ń kàwé fún ìdíje àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀nà ìkọ́lé kan tí wọ́n ń pè ní ìgbàlódé ni ìdíje ọdún yẹn dá lé, àti èyí tó dé lẹ́yìn ẹ̀, tí à ń pè ní ẹ̀yìn-ìgbàlódé. Mo máa ń ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn kó lè wọ̀ mí lórí.

"Àwọn ti ìgbàlódé ò fẹ́ ọ̀ṣọ́, Màmá. Gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ níṣẹ́. Ìyẹn sú àwọn tó tẹ̀ lé wọn. Wọ́n kun ilé láwọ̀ mèremère, wọ́n tún ń ri òpó tí kò gbé nǹkan kan."

"Òpó tí kò gbé nǹkan kan?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. "Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti fẹ́ irú ẹ̀ rí."

Ṣùgbọ́n ilé onígíláàsì yẹn ni wọ́n fẹ́ràn. Wọ́n ní àwọn máa ń débẹ̀ tí àwọn bá dijú.

"Ọkọ mi," wọ́n rọra sọ ọ́, "yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn ògiri bíríkì tó wà nínú ilé yẹn. Fèrèsé ẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an, kí ẹni tó dùbúlẹ̀ lè máa wo koríko tó wà lóde. Ẹni tó kọ́lé náà ló ṣe é fún ìyá ẹ̀ tó ń ṣàìsàn."

Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé mi.

Lọ́jọ́ ìdíje, àwa àti ilé-ẹ̀kọ́ kejì wà lọ́gbọọgba, ó ku ìbéèrè kan. Adájọ́ wa, bàbá ayàwòrán-ilé kan, gbé àwòrán sókè. Ilé náà ni.

"Kí ló wà lẹ́yìn ògiri bíríkì yìí?"

"Ilé ìdáná," ni àwọn tọ̀hún wí.

Mo sọ bí Màmá àgbà ṣe sọ ọ́, títí dórí fèrèsé.

Bàbá náà yọ awò ojú wọn. "Mo ti débẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn ya àwòrán yàrá yẹn. Ibo lo ti kà á?"

"Màmá àgbà ló sọ fún mi, sà."

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá náà ò rẹ́rìn-ín.

A gbégbá orókè. Mo sáré lọ sílé láti lọ ròyìn. Ìyá mi ló ṣílẹ̀kùn, ojú wọn ti pọ́n.

"Màmá ti lọ. Wọ́n sùn lọ lọ́sàn-án yìí ni, tẹ̀ríntẹ̀rín."

Mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn, mo sunkún títí. Nígbà tó yá, ìyá mi ti ilẹ̀kùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa nìkan la wà nílé.

"Wá wo nǹkan," wọ́n sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

Wọ́n ká aṣọ kúrò lẹ́sẹ̀ Màmá àgbà. Àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tutù fún ìrì. Koríko tútù há sáàárín ọmọ ìka wọn. Àjà kẹta là ń gbé, kòǹkéré ló sì yí wa ká.

Ìyá mi ti gbé omi àti aṣọ ìnura wá. Mo di ọwọ́ wọn mú.

"Ẹ má nù ún, Mọ́mì. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra ẹ̀."

Wọ́n gbé aṣọ náà sílẹ̀. A jókòó síbẹ̀, a ń wo ẹsẹ̀ tó ti rìn.