Ohun Tí Káfíńtà Sọ Ní Kóòtù

Láàárọ̀ ọjọ́ tí alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ wá wo bó ṣe ń kọ́ni, Ọmọ Káfíńtà, akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, wọ kaba funfun tó fi sítáṣì gan pa, ó sì dúró níwájú pátákó bí ẹni tó ń retí ìdájọ́. Láyé ìgbà náà, àwọn aláṣẹ òkèèrè ló ń ṣàkóso ìlú. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè kóòtù. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ, ẹlòmíràn ló máa bá a sọ tẹnu rẹ̀. Òfin ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ sì le: akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi èdè ilé kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Alábẹ̀wò wọlé, òyìnbó gíga tó wọ kákí. Ẹni tó tẹ̀ lé e ló já ọmọbìnrin náà láyà: ògbufọ̀ kóòtù ni, ọkùnrin oníbàtà dídán tí ará ìlú ń pè ní Ẹnu Adájọ́. Alábẹ̀wò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú ni, kóòtù ló yá a ní ògbufọ̀.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ilé ìkẹ́rùsí àwọn oníṣòwò jóná, wọ́n sì mú bàbá ọmọbìnrin yìí, káfíńtà tó ń tún ilẹ̀kùn ibẹ̀ ṣe. Bàbá ní iná ti ń jó kí òun tó dé. Ẹnu Adájọ́ yí i sí Gẹ̀ẹ́sì pé bàbá ní òun ti dáná sí i kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ọmọ rẹ̀, tó ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, figbe ta ní èdè náà pé irọ́ ni. Ọlọ́pàá wọ́ ọ síta. Wọ́n sọ bàbá sẹ́wọ̀n. Láìpẹ́ sígbà náà ni ọmọbìnrin náà wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Káfíńtà ṣílẹ̀kùn, ó tì í. Ó jókòó, ó dìde, ó ṣe bí ẹni tó ń sunkún. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tó ń ṣe. Alábẹ̀wò mi orí, ó dà bíi pé inú rẹ̀ dùn. Ni Ẹnu Adájọ́ bá sọ nǹkan sí i létí.

Alábẹ̀wò nawọ́ sí ọmọbìnrin kan tó ká léyín níwájú. Ó ní kí ògbufọ̀ bi í bóyá olùkọ́ wọn máa ń sọ èdè ilé lẹ́nu iṣẹ́.

"Rárá o, sà," ni ọmọ náà wí. "Àǹtí wa kì í sọ ọ́ rárá. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣàpèjúwe fún wa."

Ẹnu Adájọ́ yíjú sí òyìnbó, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ọmọ náà ní ojoojúmọ́ ni.

Ojú alábẹ̀wò le. Ọmọ Káfíńtà fẹ́ sọ̀rọ̀, ó kó ara rẹ̀ níjàánu. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á ní ó ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n "ojoojúmọ́" tí ògbufọ̀ fi Gẹ̀ẹ́sì sọ yẹn yé ọmọ náà. Ó dìde. Gbólóhùn kan wà tí kò sí nínú ìwé, tí àǹtí rẹ̀ kọ́ gbogbo kíláàsì kó tó kọ́ wọn ní orúkọ ohunkóhun. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ ketekete:

"Ohun tí mo sọ kọ́ nìyẹn."

Alábẹ̀wò rọra fi Gẹ̀ẹ́sì bi í fúnra rẹ̀. Ọmọ náà ní, "Àǹtí, rárá. Àǹtí, ọwọ́," ó sì na ọwọ́ méjèèjì sókè. Òyìnbó ní kí ògbufọ̀ lọ dúró níta.

Nígbà náà ni Ọmọ Káfíńtà sọ̀rọ̀: "Sà, bàbá mi náà, ohun tí wọ́n sọ kọ́ nìyẹn." Ó sì ro ẹjọ́ bàbá rẹ̀ látòkè délẹ̀.

Alábẹ̀wò kò ṣèlérí kankan. Ó gbà pé ọmọbìnrin náà yege, ó sì lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ẹjọ́ náà pè, pẹ̀lú ògbufọ̀ mìíràn. Olùṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí náà, tó ti jẹ́rìí nígbà àkọ́kọ́, tún ẹ̀rí rẹ̀ jẹ́, ó sì hàn pé ògbufọ̀ ti lọ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà po. Ẹnu Adájọ́ pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n tú bàbá sílẹ̀.

Bí wọ́n ti ń lọ sílé, bàbá, tó ti rù kan egungun, dúró lójú ọ̀nà.

"Kí ló dé tí wọ́n fi gbà mí gbọ́ lónìí? Ohun tí mo sọ nígbà yẹn náà ni mo tún sọ."

"Wọn ò gbọ́ ọ nígbà yẹn, bàbá. Ẹnu Adájọ́ ní ẹ jẹ́wọ́ ni."

Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Háà," ó ní. "Gbogbo ìgbà tí mo fi ń fọ́ òkúta lẹ́wọ̀n, ṣe ni mò ń ronú ọ̀nà tí ǹ bá fi sọ ọ́ tí ì bá fi yé wọn."