Ẹni Tó Kọjú Sí Oòrùn Lọ́nà Al-Hádà

Òjò ọ̀sẹ̀ méjì ti sọ àwọn òkè tó wà láàárín Mẹ́kà àti Tá'ífù di àwọ̀ ewé bí oko ilá. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀, awakọ̀ kan tó ń kó oúnjẹ ewúrẹ́ gòkè rí kẹ̀kẹ́ kan tó dojú dé lẹ́bàá ọ̀nà Al-Hádà. Ó kọ́kọ́ rò pé àwọn ọ̀bọ tó kún orí òkè náà ló gbé e ṣeré. Ìgbà tó sọ̀ kalẹ̀ ló rí òkú ẹni tó ni ín.

Mùsílíù lorúkọ rẹ̀, olùkọ́ yunifásítì ni ní Jẹ́dà. Òun ló máa ń ya ọ̀nà fún ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ kékeré kan tí àwọn ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ ló gbá a, àfọ́kù iná iwájú ọkọ̀ sì wà lórí ọ̀dà. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbá a kò sá lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹnì kan ti bọ́ akoto lórí rẹ̀, ó ti na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ti fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tẹ́ ẹ sílẹ̀, tí ojú rẹ̀ kọ sí ibi tí oòrùn ti ń yọ.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Tálál ni wọ́n gbé ẹjọ́ náà lé lọ́wọ́. Ìyá bàbá rẹ̀ wá hájì láti Ìsẹ́yìn, kò padà sílé mọ́. Àdúgbò Al-Hujun ní Mẹ́kà ló dàgbà kú sí, kó tó kú ó ti kọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Yorùbá dáadáa. Tálál wo ibi tí ojú òkú kọ sí, ó bojú wẹ̀yìn wo ọ̀nà tó gbà gòkè, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Nígbà tó fi máa padà dé Jẹ́dà, ọ̀gá rẹ̀ ti mú ẹnì kan: Ẹnjiníà Nathaniel, ọmọ ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ náà. Wọ́n ti gba iqama rẹ̀, ìwé tó fi ń gbé ìlú. Ọ̀gá ní bó bá di Ọjọ́bọ̀, ẹjọ́ ń lọ sí kóòtù. Ọ̀gá tó ń kánjú kò yàtọ̀ sí alásè tí kì í jẹ́ kí ẹ̀wà jinná; Tálál kò fẹ́ràn ẹ̀wà tó le. Ó jókòó síwájú Nathaniel.

"Ìwọ lo kọ èyí sí Mùsílíù lórí fóònù?" Ó kà á sókè: "'Ọ̀nà tí ò ń yà yìí, òun ló máa pa ọ́.'"

"Èmi ni, sà. Inú ló bí mi. Gbogbo ọ̀nà tó bá yà ló ń gba inú Mẹ́kà kọjá. Kìrìsìtẹ́nì ni mí, mi ò lè wọ ibẹ̀. Bí a bá ti dé ibi tí ọ̀nà ti pín, wọn á máa lọ, èmi á yí kẹ̀kẹ́ mi padà. Ọdún kan rèé tí mo ti ń yí i padà."

"Níbo lo wà láàárọ̀ Jímọ́ọ̀?"

Nathaniel wolẹ̀. "Mo wà pẹ̀lú àwọn èèyàn. Mi ò lè dárúkọ wọn."

"Bí o kò bá dárúkọ wọn, o lè lo ọdún púpọ̀ lẹ́wọ̀n."

"Mo mọ̀, sà. Ìyàwó mi ti ń di ẹrù. Kafíìlì mi, ọ̀gá tó gbà mí wá sí ìlú yìí, ní bí ẹjọ́ bá dé kóòtù, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Síbẹ̀, mi ò ní dárúkọ wọn."

Tálál mọ̀ pé láàárọ̀ Jímọ́ọ̀, àwọn Kìrìsìtẹ́nì kan máa ń pàdé nínú yàrá ara wọn láti gbàdúrà, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, torí òfin ìlú ò gbà á. Kò bi í léèrè mọ́. Ọ̀wọ̀ ọkùnrin náà wọ̀ ọ́, ó sì pinnu pé òun ò ní jẹ́ kó lọ sẹ́wọ̀n fún ohun tí kò ṣe.

Àwọn méjì yòókù ló kàn nínú ẹgbẹ́ náà. Àlàájà Bilikis, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìṣirò, ló kọ́kọ́ dáhùn, nílé rẹ̀ ní Al-Utaybiyah ní Mẹ́kà.

"Àlàájà, ẹ gbà pé Nathaniel lè pa á?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ẹnu lásán ni Nathaniel ní."

"Ẹ̀yin náà ń gun kẹ̀kẹ́ lọ́nà Al-Hádà?"

"Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń gba ibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Tá'ífù, àmọ́ ọkọ̀ ni mò ń wọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn mo wà ní kíláàsì àfikún ìparí ọ̀sẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn."

Tálál béèrè, ó rí i pé òótọ́ ni.

Dókítà Naheem ló kù. Oṣù mẹ́jọ péré ló ti dé láti Ìwó, ilé ìwòsàn kan ní Jẹ́dà ló gbà á. Ó bọ Tálál lọ́wọ́, ó gbé kọfí wá, ó sì mí kanlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá, ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Gbogbo wa la ka ohun tí Nathaniel kọ."

"Ẹ̀yin ńkọ́, níbo lẹ wà?"

"Mo ṣiṣẹ́ alẹ́ mọ́jú ni. Ilé ni mo wà, mò ń sùn."

"Ẹ mọ ọ̀nà Al-Hádà?"

"Rárá o. Mi ò tíì rékọjá Mẹ́kà rí láti ìgbà tí mo ti dé."

Tálál dúpẹ́ kọfí, ó sì jáde. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi rìn ní àdúgbò Al-Ammariyah ní Jẹ́dà, láti ìsọ̀ mẹ́káníìkì kan sí òmíràn, pẹ̀lú àfọ́kù gíláàsì nínú ọ̀rá. Ọ̀gá pè é lẹ́ẹ̀mẹta pé kó fi sílẹ̀. Kò fi sílẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Wẹ́sídeè, ó ní kí Bilikis àti Dókítà bá òun lọ wo ibi tí Mùsílíù kú sí. Kùrukùru ti bo òkè, oòrùn ò sì hàn. Wọ́n dúró lẹ́bàá ọ̀nà, Tálál wo aago rẹ̀.

"Àkókò alásárì ti tó. Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe lèmọ́ọ̀mù fún wa."

Naheem tẹ́ ẹní, ó tún aṣọ ṣe, ó sì gbé ọwọ́ sókè.

"Dókítà," Bilikis pè é, ẹnu yà á. "Ẹ̀yìn lẹ kọ sí Kábà. Ọ̀hún ni Mẹ́kà wà."

Ọwọ́ Naheem dúró sí ẹ̀bá etí rẹ̀. Ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀.

"Bí ẹ ṣe ṣe é fún Mùsílíù náà nìyẹn," Tálál wí. "Ẹni tó tẹ́ ẹ sílẹ̀ fẹ́ kó kọjú sí kíbúlà, bí a ṣe ń ṣe fún ẹni tó ń kú lọ. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé Mùsùlùmí ni. Àmọ́ ìlà-oòrùn ló kọjú rẹ̀ sí. Láti Ìwó, ìlà-oòrùn ni Kábà wà. Láti Jẹ́dà, ìlà-oòrùn náà ni. Ẹni tó bá ti rékọjá Mẹ́kà, ìwọ̀-oòrùn ló kù. Àlàájà tó ń gba ibí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ò lè ṣe irú àṣìṣe yẹn. Àlejò tí ọkàn rẹ̀ ti dàrú ló ṣe é."

"Ẹnikẹ́ni lè ṣì í."

"Ẹnikẹ́ni kọ́ ló pààrọ̀ iná iwájú ọkọ̀ ní Al-Ammariyah lọ́jọ́ Sátidé. Mẹ́káníìkì náà ò tíì da àfọ́kù tó yọ nù. Ó bá èyí tí mo ṣà níbí mu régí."

Naheem jókòó sórí ẹní tó tẹ́.

"Òun ló bẹ̀ mí pé kí n fi ọkọ̀ gbé omi tẹ̀ lé òun. Láti ẹnu iṣẹ́ ni mo ti wá. Oorun gbé mi lọ díẹ̀, díẹ̀ báyìí. Mi ò ní láísẹ́ǹsì ìlú yìí, mo mọ̀ pé wọ́n á lé mi. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ìṣàn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń fà díẹ̀díẹ̀. Mo ní kò ní yè é. Mo kọjú rẹ̀ sí kíbúlà, mo ka kálímà sí i létí, mo sì wakọ̀ lọ."

"Ó lo wákàtí kan sí i láyé," Tálál wí. "Ẹni tó yẹ òkú wò ló sọ bẹ́ẹ̀."

Bilikis bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Naheem gbé ojú sókè. "Ọ̀gá, ṣé àdúrà tí mo ṣe fún un gbà, bí ibi tí mo kọjú rẹ̀ sí ò tilẹ̀ tọ̀nà?"

"Ọlọ́run mọ ibi tó wà. Ilé ìwòsàn ò jù ogún ìṣẹ́jú lọ síbí, Dókítà. Àwọn tó wà níbẹ̀ ni kò mọ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Tálál fi iqama Nathaniel lé e lọ́wọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Blessing ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ ọn, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀. Bilikis wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Tálál gbé fóònù olóògbé jáde, ó ṣí àwòrán ọ̀nà kan. Ọ̀nà tuntun ni, láti etí òkun Jẹ́dà dé orí òkè Al-Hádà, kò sì wọ inú Mẹ́kà rárá. Mùsílíù ti kọ orúkọ sí i lórí: Ọ̀nà Nathaniel.

"Apá òkè ló lọ dán wò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn," Tálál wí. "Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó dára fún yín."

Nathaniel wò ó títí. "Inú ṣì ń bí mi sí i nígbà tó kú," ó ní, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó nu ojú. "Níbo ni wọ́n sin ín sí?"

"Ní Mẹ́kà."

Gbogbo wọn ló mọ̀ pé Nathaniel ò ní lè dé ibẹ̀ láéláé. Bilikis ló fọwọ́ kan apá rẹ̀.

"Lọ́la ni mo máa lọ kí i. Kí ni kí n bá yín sọ fún un?"

Nathaniel tún wo àwòrán ọ̀nà náà.

"Ẹ ní mo ti rí ọ̀nà náà."