Ẹ Kọ́kọ́ Tọ́ Ọ Wò

Ẹni tó bá mọ Oyèdèjì ní Ìwó mọ̀ pé kì í jẹun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Akọ̀wé ni ní ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. Bí wọ́n bá ń pín oúnjẹ níbi ìkómọ, á ní inú ń run òun. Inú kankan kò run ún. Májèlé ló ń bẹ̀rù.

Kò mọ níbẹ̀ o. Àṣà tí a fi ń tọ́ omi wò fún àlejò ni ó sọ di òfin fún ìyàwó rẹ̀. Láàárọ̀ àti lálẹ́, Tẹjúmọ́lá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bu òkèlè kan jẹ lójú rẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ tó fọwọ́ kan àwo. Obìnrin náà fara dà á fún ọdún mẹ́ta. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1995, ó mú Níyì ọmọ wọn dání, ó padà sílé bàbá rẹ̀ ní Kuta. Oyèdèjì ní ìyẹn gan-an fi hàn pé ó ní ohun tó ń gbìmọ̀. “Ìfura loògùn àgbà,” ni ó ń wí kiri. Irú ọkùnrin yìí ló wá ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní ìgbàgbọ́!

Ẹni tó fura sí jù níbi iṣẹ́ ni Màmá Ẹfúnróyè, àgbàlagbà tó ń tẹ̀wé fún wọn, ọmọ ìjọ Àgùdà. Màmá a máa ṣoore púpọ̀. Oyèdèjì ní wọ́n ń kó oore jọ láti fi ra ọ̀run ni. Á sọ ọ́ lójú gbogbo òṣìṣẹ́ pé iṣẹ́ kò lè gba èèyàn là, ìgbàgbọ́ nìkan ni. Màmá á rẹ́rìn-ín, wọn á ní oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ló gba àwọn náà là, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí irú oore bẹ́ẹ̀ gbà kò lè fọwọ́ lẹ́rán.

Ní oṣù kẹta ọdún náà, ọ̀kadà gbé Oyèdèjì ṣubú lójú ọ̀nà Ilé-Ogbó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ, ẹbí aláìsàn ló ń gbé oúnjẹ wá. Ta ni yóò gbé tirẹ̀ wá? Àwọn ará ìjọ rẹ̀ wá gbàdúrà fún un, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìwà rẹ̀, wọn kò gbé oúnjẹ dání. Màmá Ẹfúnróyè nìkan ló gbé oúnjẹ wá.

Oyèdèjì wo àwo, ó wo Màmá, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Màmá tọ́ ọ wò. Báyìí ni wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Síbẹ̀, ọkàn ọkùnrin yìí kò balẹ̀. Kí ni wọ́n ń wá lọ́wọ́ òun? Àbí wọ́n fẹ́ fa òun lọ sí ìjọ Àgùdà ni?

Ọjọ́ Ẹtì tí a fi ń rántí ikú Jésù dé. Màmá gbé iṣu àti ẹ̀fọ́ kalẹ̀, wọn kò sì fọwọ́ kàn án. Àyà Oyèdèjì já.

“Mà, ẹ ò tíì tọ́ ọ wò.”

“Mò ń gbààwẹ̀ lónìí.”

“Ààwẹ̀ tí ẹ fi ń ra ọ̀run.”

Màmá fa àga, wọ́n jókòó. “Oyèdèjì, Ọlọ́run ti fẹ́ràn mi kí n tó mọ ààwẹ̀ í gbà. Ìdí tí mo fi ń gbà á nìyẹn. Ìdí tí mo fi ń gbé oúnjẹ wá fún ọ náà nìyẹn. Mi ò wá nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. Òní ni Jésù tọ́ ikú wò fún èmi àtìwọ. Ìgbàgbọ́ tí o fi ń kọ́ wa níbi iṣẹ́ dà? Jẹun.”

Ó gbé ṣíbí, ó tún gbé e sílẹ̀. Ebi ń pa á. Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti là. Ogún ọdún ló ti ń sọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́, kò sì gba ẹnikẹ́ni gbọ́ rí, kò gba Ọlọ́run pàápàá gbọ́. Bí ó ṣe ń ṣọ́ oúnjẹ ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣọ́ àánú Ọlọ́run, ó ń wá ohun tó fara pamọ́ sínú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni àti ìsìn tí kì í pa jẹ ló gbẹ́kẹ̀ lé. Ohun tó ń bá Màmá wí, òun gan-an ló ń ṣe é. Ojú tì í gidigidi.

“Jésù, mo jẹ̀bi,” ni ó wí. “Mo gbà.” Ó bu iṣu náà jẹ, omijé ń dà lójú rẹ̀.

Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ san díẹ̀, ó ti ọ̀pá dé Kuta. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ìyàwó rẹ̀, ó bẹ Tẹjúmọ́lá. Obìnrin náà wọ ilé ìdáná, ó gbé àwo kan jáde, ó dúró, ó ń wò ó. Oyèdèjì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i, ó jẹ ẹ́ tán. Nígbà náà ni Tẹjúmọ́lá jókòó tì í.

Títí di òní, Màmá wà nínú ìjọ wọn, Oyèdèjì wà nínú tirẹ̀, wọ́n sì ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń jẹun lọ́wọ́ wọn.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé pélébé yìí ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi fún ọ. Mo mọ̀ pé o ti yí ẹ̀yìn ìwé náà wò, bóyá a fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀. Ọ̀rẹ́, fura sí mi bí o bá fẹ́. Èèyàn lèmi náà. Ṣùgbọ́n kí ni Ẹni tí wọ́n kàn mọ́gi ń wá lọ́wọ́ rẹ tí ó fi kú fún ọ? Kí lo ní tí kò ní? Oore rẹ kò lè ra ìgbàlà, àríyànjiyàn rẹ kò lè rà á. Ronú pìwà dà lónìí, kí o sì gbà á. Bí o bá ní o fẹ́ dúró dìgbà tí ìfura rẹ bá tán, ebi ni yóò pa ọ́ kú níwájú àwo oúnjẹ.