Ìkànnì Tí Kò Dúró De Aníwúrà

Omijé ni Mùíbì kọ́kọ́ rí, kó tó rí ẹwà. Ọmọbìnrin adúmáadán kan jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní ilé ìtẹ̀wé tó kọjú sí ọsibítù ní Òkìtìpupa, abọ́ òkèlè púpurú tó ti ṣófo wà lórí itan rẹ̀, ó ń sunkún láìpariwo.

Mùíbì bi í léèrè ohun tó ṣe é. Ó ní Aníwúrà lòun ń jẹ́, ọmọ Erinje. Òun ń kọ ọ̀rọ̀ ìgbàwọlé òun sórí ìkànnì ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nígbà tí àsìkò oúnjẹ bàbá òun tó, lòun bá sáré lọ fún un jẹ ní wọ́ọ̀dù. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló dá bàbá rẹ̀, Bàbá Philemon, dùbúlẹ̀. Òkèlè kan a máa pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ọmọ rẹ̀ kì í sì í dìde àfi tó bá ní òun yó. Ìgbà tó padà dé, ìkànnì ti tì í síta, gbogbo ohun tó kọ ti pòórá. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sì máa ti ìgbàwọlé pa.

Mùíbì fúnra rẹ̀ ló kọ́ ìkànnì yẹn. Ó ti rí i rí tí ẹnì kan gbàgbé àkáǹtì rẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba tí ẹlòmíì sì lọ bà á jẹ́; ìdí nìyẹn tó fi ṣètò pé bí ọwọ́ ẹni bá kúrò níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ó lé onítọ̀hún jáde. Ara rẹ̀ ló fi wọ̀n ọ́n, ara ẹni tí kò ní aláìsàn nílé. Kò fi ìkìlọ̀ sí i, kò sì pa ohunkóhun mọ́ fún ẹni tó bá padà.

Ojú tì í láti sọ ọ́. Ó bá a bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ṣùgbọ́n ìgbàwọlé parí mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé bàbá padà sílé, Mùíbì ń gun ọ̀kadà lọ sí Erinje lemọ́lemọ́. Aníwúrà a máa pè é ní olówó orí òun tí kò tíì san kọ́bọ̀. Bàbá Philemon, onígbàgbọ́ pọ́ńbélé, kò bínú pé mùsùlùmí ni. Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́dọ̀ Ọlọ́run: kí ojú òun rí ọmọ òun ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kí òun tó kú.

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń jẹ Mùíbì lọ́kàn, títí tó fi jẹ́wọ́ fún Aníwúrà níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́.

"O rí mi tí mò ń sunkún," ni Aníwúrà wí, "o sì dákẹ́?"

Ó ní kó máa lọ. Kó tó di ìgbàwọlé mìíràn, Bàbá Philemon kú. Mùíbì bá àwọn ọ̀dọ́ gbẹ́ ilẹ̀, kò sún mọ́ Aníwúrà.

Ó wá lọ ń jókòó ní wọ́ọ̀dù, ó ń wo bí àwọn ọmọ ṣe ń fún òbí wọn lóúnjẹ. Lẹ́yìn náà ló tún ìkànnì ṣe: yóò kìlọ̀ kó tó ti ẹnikẹ́ni síta, yóò sì tọ́jú ohun tónítọ̀hún ti kọ títí yóò fi padà.

Aníwúrà gbìyànjú ìgbàwọlé lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún nítorí ọkọ rẹ̀ láàárín iṣẹ́ náà, Aníwúrà sì gbá a mọ́ra títí ẹkún fi rọlẹ̀. Nígbà tó padà wọlé sórí ìkànnì, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé. Ó mọ ẹni tó ṣe é. Ọjọ́ tí wọ́n gbà á, ó ránṣẹ́ pe Mùíbì.

"Ọkàn mi ò kúrò lọ́dọ̀ rẹ," ló sọ fún un. "Àmọ́ kí o tó tọrọ mi lọ́wọ́ ìyá mi, sọ ohun tó o ṣe fún un."

Mùíbì dọ̀bálẹ̀ níwájú Ìyá Aníwúrà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá náà sunkún pẹ́.

"Bàbá rẹ̀ ì bá ti dárí jì ọ́," ló wí nígbẹ̀yìn. "Èmi ò tíì lè ṣe é. Fẹ́ ẹ. Kí o sì máa wá kí mi títí màá fi lè ṣe é."