Ẹni Tó Wá Mú Bọ́tìnì

Gbọ̀ngàn náà kún fọ́fọ́. Àwọn tó ń wádìí ìtàn ìdílé wọn ló wá fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Kálukú ti ya àtẹ ìdílé rẹ̀ sórí páálí, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, wọ́n wá ń wo ti ara wọn kiri.

Ìyá Aránṣọ dúró ti tiẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Kò sí ohun tí kò kọ síbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí baba ńlá rẹ̀ tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ títí tó fi kan ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọmọ ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló fi kádìí ẹ̀. Ó kọ ọjọ́ ìbí ọmọ náà, ó lẹ fọ́tò rẹ̀ nínú aṣọ iléewé mọ́ ọn, ó sì kọ ìnagijẹ tí òun fi ń pè é sábẹ́ rẹ̀: Bọ́tìnì.

Ọkùnrin kan tó wọ awò ojú dúró níwájú àtẹ náà. Ó pẹ́ níbẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ìyá, alágbẹ̀dẹ yìí mà jọ ẹbí wa o! Àbí ẹbí kan náà ni wá?"

Ìyá Aránṣọ fọwọ́ bo ẹnu. "Háà! Ó ní àbúrò kan tó kúrò nílé tí wọn ò gbúròó ẹ̀ mọ́."

"Òun gan-an ni!" ni ọkùnrin náà wí kíá. "Bàbá tó bí bàbá mi nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi mà ni yín, ìyá!"

Ìyá Aránṣọ dì mọ́ ọn, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ọkùnrin náà yọ fóònù, ó ya àtẹ náà ní fọ́tò. Wọ́n jókòó, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Iléewé wo ni Bọ́tìnì ń lọ? Ta ló máa ń lọ mú un? Ìyá Aránṣọ sọ gbogbo ẹ̀ bó ṣe rí. Kò rántí béèrè orúkọ bàbá ọkùnrin náà rárá.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ń rán ọrùn aṣọ kan lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ọmọ rẹ̀ pè é.

"Màámi, ṣé ẹ ò ṣubú?"

"Ṣubú kẹ̀? Ara mi le koko. Kí ló dé?"

"Wọ́n pè mí láti iléewé ọmọ mi pé ọkùnrin kan wà níbẹ̀. Ó ní ẹ ṣubú, pé ẹ̀yin lẹ ní kóun wá mú un."

Ìyá Aránṣọ ò rántí pa ẹ̀rọ, kò rántí wọ bàtà. Ó ń sáré, ó ń pe ọ̀gá iléewé, fóònù ò lọ. Gbogbo ọmọ tó bá ti wọ irú aṣọ iléewé yẹn lójú ọ̀nà ló ń wò lójú. Kì í ṣe Bọ́tìnì. Èyí náà kọ́.

Nígbà tó dé ọ́fíìsì ọ̀gá iléewé, ọmọ náà wà lórí àga, báàgì rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Aránṣọ gbá a mọ́ra títí ọmọ náà fi ní, "Màmá, ó ń dùn mí."

"Ọkùnrin náà àti ọmọ yìí ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó rí wọn," ni ọ̀gá iléewé wí. "Mo ní kí ọkùnrin náà jókòó kí n pe ìyá ọmọ. Ó ní òun fẹ́ mú nǹkan nínú ọkọ̀. Kò padà wá mọ́."

"Kí ló dé tóo fẹ́ tẹ̀ lé e?" ni Ìyá Aránṣọ bi ọmọ náà.

"Ó pè mí ní Bọ́tìnì. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń pè mí bẹ́ẹ̀."

Ìyá Aránṣọ rántí ọkùnrin tó ya àtẹ rẹ̀ ní fọ́tò.

Wọ́n fọ̀rọ̀ náà tó ọlọ́pàá létí. Obìnrin tó darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà wá kí wọn nílé. Ó ti pe nọ́ńbà tí ọkùnrin náà kọ sílẹ̀ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kò lọ. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n níbi tó lóun ń gbé.

"Ṣé kí n jáwọ́ nínú ìtàn baba ńlá mi ni?" ni Ìyá Aránṣọ béèrè.

"Ẹ má jáwọ́, ìyá. Àwọn tó ti kú ni kẹ́ ẹ gbé síta. Àwọn tó wà láàyè, pàápàá ọmọdé, ẹ fi wọ́n sílé. Ẹ kọ 'ọmọ' síbẹ̀, ó tó. Ẹni tó bá sì lóun bá yín tan, òun ni kó kọ́kọ́ sọ ohun tó mọ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ fún un pé àbúrò kan kúrò nílé. Kí ló sọ ju 'òun ni' lọ?"



Wọ́n fún ọmọ náà ní ọ̀rọ̀ àṣírí kan. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó má tẹ̀ lé e. Ọmọ náà bi wọ́n pé, "Bí ọkùnrin yẹn náà bá wá mọ̀ ọ́n ńkọ́?"

Títí di bá a ṣe ń sọ yìí, wọn ò tíì rí ọkùnrin náà mú.

Ẹ̀yin tó ń lọ sí ìpàdé àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ìtàn ìdílé, ohun rere lẹ̀ ń ṣe. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó lẹ àtẹ yín mọ́ ògiri, ẹ yọ ọjọ́ ìbí, fọ́tò, iléewé àti ìnagijẹ àwọn tó wà láàyè kúrò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yà á ní fọ́tò láìgbàṣẹ. Bí àjèjì bá pè yín ní ẹbí, ẹ bi í léèrè dáadáa, kẹ́ ẹ sì lọ wádìí lọ́dọ̀ àwọn àgbà ilé yín. Ẹ sọ fún iléewé ẹni tó lè mú ọmọ yín, kí wọ́n má sì fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ láìpè yín. Baba ńlá tí ẹ̀ ń wá á ṣì dúró dè yín. Ọmọ tí wọ́n bá fà lọ́wọ́ jáde ní géètì lè má padà wálé mọ́.