Ẹni Tó Wọ Kẹ́sẹ́ Àmúdà

Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó gbà mí gbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní Moshie Zongo, àdúgbò àwọn àlejò ní ìlú Tamale, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ṣì jẹ́ ohun tí àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé. Ilé àti yàrá tó ti ṣẹlẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó lọ jókòó sínú yàrá yẹn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọyẹ́ kan, kó tó wá bá mi jiyàn.

Nímọ́tà ni ìyàwó Àmúdà. Tamale ni wọ́n bí Nímọ́tà sí. Àlùbọ́sà ni bàbá rẹ̀ ń tà, kò sì sí ohun tí Nímọ́tà fúnra rẹ̀ mọ̀ nípa ẹṣin ju pé ó máa ń tàpá lọ. Àmúdà ní tirẹ̀, ọmọ Ìlọrin ni, ìdílé ẹlẹ́ṣin. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bàbá Ṣítù, ló máa ń lọ ra ẹṣin ní Wàgàdúgù, tí wọ́n ń kó o wá ta fún àwọn ìjòyè Dàgọ́ńbà, onílẹ̀ Tamale.

Àṣà kan wà nínú ìdílé wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ ọdún, tí wọ́n bá fẹ́ gun ẹṣin lọ sí Yídì, ọkùnrin kì í bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wọ kẹ́sẹ́ fún ara rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ń kúnlẹ̀ wọ̀ ọ́ fún un. Kẹ́sẹ́ ni irin tí ẹlẹ́ṣin ń dè mọ́ gìgísẹ̀, tó fi ń gún ẹṣin lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó bá fẹ́ kó sáré. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kò bá wọ kẹ́sẹ́ fún, wọ́n á ní ilé rẹ̀ kò tòrò.

Nígbà ìgbéyàwó, ìyá Àmúdà wá láti Ìlọrin, ó sì fi wíwọ̀ rẹ̀ kọ́ Nímọ́tà. Apá irin méjèèjì, tó tẹ̀ bí ìwo màlúù, ni kó gbá gìgísẹ̀ mú. Kẹ̀kẹ́ wẹ́wẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ á kọjú sẹ́yìn, á sì dorí kodò díẹ̀. Okùn awọ á gba orí ẹsẹ̀ kọjá. Irin ìdè okùn náà, ìta ẹsẹ̀ ni kó wà, kó má baà máa ha èèyàn àti ẹṣin lára. Ìrù okùn á kọjú sẹ́yìn, kó má baà kọ́ àlùkẹ́ḿbù tí ẹlẹ́ṣin ń ki ẹsẹ̀ bọ̀. Kò sì gbọdọ̀ fún jù. Ìka kan gbọ́dọ̀ lè gba abẹ́ rẹ̀. Nímọ́tà ń mi orí, ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni mà. Ọmọge tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọ̀la, ta ló ń fi etí gidi gbọ́ ọ̀rọ̀ irin?

Ọdún àkọ́kọ́ dé. Ó kúnlẹ̀. Ó fi kẹ́sẹ́ òsì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fi ti ọ̀tún sí òsì, irin ìdè méjèèjì wá dojú kọ ara wọn nínú. Àmúdà rí i. Gbogbo agbo ilé ló sì ń wò wọ́n. Bó bá sọ̀rọ̀, ojú á ti ìyàwó rẹ̀. Ó rọra dìde, ó gun ẹṣin rẹ̀, ó lọ. Nígbà tó fi máa padà ní ọ̀sán, irin ti bó o lára nínú ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ bàtà. Nímọ́tà bú sẹ́kún.

"Kí lo ń sunkún sí?" ni Àmúdà wí. "Ṣebí èmi ni irin ha."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ó tù mí lára bẹ́ẹ̀ ni."

Irọ́ ni, ẹ̀yin náà mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, Àmúdà kò gbà kó wọ̀ ọ́ bí gbogbo ayé ṣe ń wọ̀ ọ́ mọ́. Bí ọdún bá ti dé, á na ẹsẹ̀ síwájú ìyàwó rẹ̀, á ní, "Bí o ṣe máa ń ṣe é." Ojú ọgbẹ́ náà di àpá, ó yi bí èèpo igi. Ìsá oníṣẹ́ awọ, tó rán okùn kẹ́sẹ́ náà, ṣàánú rẹ̀, ó fi awọ àgùntàn rírọ̀ tẹ́ abẹ́ irin ìdè. Àwọn ẹgbẹ́ Àmúdà fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Nímọ́tà fẹ́ràn ọkùnrin yìí débi pé ó máa ń tì í lójú níwájú àwọn ìyàwó ilé yòókù.

Ní ọdún kan, bí òjò ṣe ń kásẹ̀ nílẹ̀, Àmúdà lọ sí Wàgàdúgù. Òun nìkan ló lọ, torí pé ẹsẹ̀ ń dun Bàbá Ṣítù. Kò gun ẹṣin rẹ̀ lọ, kò sì mú kẹ́sẹ́ dání. Kẹ́sẹ́ ọdún ni, kì í ṣe ti ọjà. Ó fi í kọ́ ara ògiri.

Wọ́n retí rẹ̀, kò dé. Koríko gbẹ. Ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan tó ń da màlúù bọ̀ láti òkè kọjá, wọ́n ní ibà kan ń pa àwọn arìnrìn-àjò lọ́nà Wàgàdúgù. Bàbá Ṣítù ránṣẹ́ pe Nímọ́tà.

"Ìyàwó, ó ti tó àkókò. Wọlé opó."

"Kò tíì kú, Bàbá."

"Ta ló sọ fún ọ?"

Kò sẹ́ni tó sọ fún un. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá," ló wí, "ẹ jẹ́ kí Iléyá kọjá."

Ó mọ ohun tó ń tọrọ. Bó bá fi lè wọlé opó, Àmúdà ti kú nìyẹn, ì báà kú, ì báà má kú. Tó bá sì jáde opó, wọ́n á fà á lé ọkùnrin mìíràn lọ́wọ́ nínú ẹbí. Kò fẹ́ ọkùnrin mìíràn. Àmúdà ló fẹ́. Lójoojúmọ́ ló ń sọ kẹ́sẹ́ kalẹ̀ lára ògiri, á fi òrí pa okùn rẹ̀ kó má baà gbẹ, á sì máa bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe ń pa á. Àwọn ará ilé á gbọ́, wọ́n á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Nígbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, ó padà dé.

Ọ̀sán ni. Kùrukùru ọyẹ́ bo gbogbo Zongo, oòrùn funfun lójú ọ̀run bí abọ́. Nímọ́tà ń gbálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbójú sókè, ọkùnrin kan dúró níwájú rẹ̀. Kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó dé. Eruku ti sọ ọ́ di aláwọ̀ kan ṣoṣo, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Nímọ́," ló wí. "Ṣé tùwó ṣì kù nílé?"

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Agbo ilé dàrú fún ayọ̀. Bàbá Ṣítù tó ń fi opó lé ọmọ ọlọ́mọ kiri, òun gan-an ló sunkún jù. Wọ́n bi Àmúdà níbi tó wà. Ó ní àìsàn ló dá òun dúró. Ní abúlé wo? Ó ní òun ò mọ orúkọ rẹ̀. Wọn ò bi í mọ́. Ẹni tí Ọlọ́run dá padà, omi ni wọ́n ń fún un mu, wọn kì í da ìbéèrè bò ó.

Òun náà ni. Àlàfo eyín rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ṣì ń fi ìka kékeré họ etí tó bá ń ronú. Ó béèrè àgbébọ̀ tó máa ń yé sábẹ́ ibùsùn. Ẹṣin rẹ̀ pàápàá, tí kì í fẹ́ kí àlejò sún mọ́ ọn, fi imú nù ún láyà. Nímọ́tà ń dìde láàárín oorun láti wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Iléyá mọ́. Nímọ́tà kúnlẹ̀. Ó mú kẹ́sẹ́ òsì, ó gbé e sún mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Àmúdà rọra fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Nímọ́."

Nímọ́tà rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ó ń bá òun ṣeré ni.

"Ọ̀tún fún ọ̀tún," ló wí. "Wò ó, jẹ́ kí n fi hàn ọ́."

Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ ọkùnrin náà móoru dáadáa. Ó fi sùúrù kọ́ ọ, kò kánjú, kò fi í ṣe ẹ̀sín: kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn, irin ìdè síta, ìrù okùn sẹ́yìn. "Ìka kan, kó gba abẹ́ rẹ̀," ló wí, ó sì ti ìka Nímọ́tà bọ abẹ́ okùn náà. Ìka náà kan inú ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dán. Nímọ́tà fọwọ́ kan ẹsẹ̀ kejì. Òun náà dán bíi ti ọmọ ọwọ́.

Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù.

Lọ́jọ́ náà, Àmúdà gun ẹṣin tí gbogbo Zongo ń pàtẹ́wọ́. Bàbá Ṣítù ní, "Ìyàwó, o ṣeun. Àbúrò mi wọ kẹ́sẹ́ bí èèyàn lónìí." Nímọ́tà kúnlẹ̀ kí i. Nígbà tí èrò túká, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ sọ́dọ̀ Ìsá oníṣẹ́ awọ.

"Bàbá Ìsá, ẹ jọ̀ọ́. Àpá tí irin dá sí èèyàn lẹ́sẹ̀, ṣé ó lè parẹ́?"

Ìsá ń fá awọ àgbò ọdún. Kò gbójú sókè. "Ojú àpá kì í jọ ojú ara, ọmọ mi."

"Kò lè parẹ́ ráúráú?"

Ọwọ́ Ìsá dúró. Ó wò ó títí. Ó mọ àpá tó ń wí.

"Nímọ́tà. Ọkọ rẹ lọ, ọkọ rẹ bọ̀. Dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Mo dúpẹ́, sà."

"Tòh. Máa lọ sílé." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fá awọ, ṣùgbọ́n ojú kan náà ló ń fá ṣáá.

Ta ni Nímọ́tà fẹ́ sọ ọ́ fún? Bó bá sọ fún Bàbá Ṣítù, wọ́n á lé ọkùnrin yìí jáde, òun á sì di opó lọ́jọ́ náà. Ó pa ẹnu mọ́, ó ń ṣọ́ ọ. Ohun tó rí kò burú. Ọkùnrin náà ń kírun. Ó ń pọn omi fún un tí òtútù bá pọ̀, ó ń dọ́gbọ́n ṣe é kí àwọn ọkùnrin ilé má baà rí i. Nígbà tí ọyẹ́ la gìgísẹ̀ Nímọ́tà, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan, ó fi òrí pa á. Kò sí ohun tí Àmúdà ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí eléyìí kò ṣe. Ẹ̀rù ń ba Nímọ́tà. Ohun tó sì ń bà á lẹ́rù jù kì í ṣe ọkùnrin náà, bí kò ṣe pé ó fẹ́ràn rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, àwọn ará ilé ti lọ kírun Màgàríbì ní mọ́sáláṣí, wọn kì í sì í bọ̀ títí di Ìṣáì. Àmúdà ní orí ń fọ́ òun, ó kírun nílé. Òun àti Nímọ́tà jókòó ti àwo tùwó kan, fìtílà wà láàárín wọn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn pákó nítorí òtútù. Níta, gbogbo nǹkan dákẹ́. Ewúrẹ́ kò ké. Ọmọ kò sunkún.

Ẹsẹ̀ ẹnì kan ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Ó ń wọ́ díẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Nímọ́."

Ohùn Àmúdà ni.

Nímọ́tà wo ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀. Òkèlè wà lẹ́nu rẹ̀. Òun kọ́ ló sọ̀rọ̀.

"Nímọ́, ṣílẹ̀kùn fún mi. Ọ̀nà náà jìn."

Ẹni iwájú rẹ̀ gbé òkèlè mì. Òun náà gbọ́. Ojú rẹ̀ kò le rárá.

"Tó o bá fẹ́ ṣí i, ṣí i," ló wí. "Mi ò ní bínú."

"Ta ni ẹ̀yin?"

Ó fi ìka kékeré họ etí. "Mo gbọ́ tí ò ń pe èèyàn," ló wí. "Mo wá."

Nímọ́tà dìde. Ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Kò ṣílẹ̀kùn. Àlàfo kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí adìẹ máa ń gbà wọlé.

"Ẹ ti ẹsẹ̀ yín bọ abẹ́ ilẹ̀kùn," ló wí fún ẹni ìta.

Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ kan wọlé, láìní bàtà, eruku bò ó. Nímọ́tà fọwọ́ kàn án. Àpá wà nínú ọrùn ẹsẹ̀ náà, ó yi bí òun ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ náà sì tutù bí inú àmù.

Ó mọ ẹni tó wà níta. Ó sì mọ̀ pé ara alààyè kì í tutù tó bẹ́ẹ̀. Omijé dà lójú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ẹsẹ̀ náà mú, ó ń ra á, ó ń mí sí i, bí èèyàn ṣe ń ṣe fún ọmọ tí òjò pa. "Ẹ pẹ̀lẹ́," ló ń wí. "Ẹ kú ìrìn, ọkọ mi. Ẹ pẹ̀lẹ́."

Díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í móoru.

Lẹ́yìn rẹ̀, nínú yàrá, kò gbọ́ ìró ẹni tó ń jẹun mọ́.

"Nímọ́," ni ohùn inú yàrá wí. Ohùn náà ti lọ sílẹ̀. "Òtútù ń mú mi."

Nímọ́tà kò wẹ̀yìn. Kò sì fi ẹsẹ̀ náà sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì dì í mú ṣinṣin, ó wá na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn, bó ṣe lè gùn tó. Ọwọ́ kan bọ́ sínú tirẹ̀, ó ti ń tutù. Ní mọ́sáláṣí, wọ́n ti ń pe ìrun Ìṣáì.